Ìwé Adójútòfò Tí Mo Fi Han Ìjì

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrọ́jú, o kú bí o ti ń wọ ọkọ̀ méjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ ń ṣe dáadáa? Ọlọ́run tó gbé ọ gun àga ńlá ní ilé iṣẹ́ adójútòfò yẹn ò ní jẹ́ kí àga náà yẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Àwa náà wà, a ò kú, àfi pé bí ìyá rẹ bá wọ yàrá rẹ̀ báyìí, ojú ọ̀run ló ń wò, kì í sì í ṣe pé ó ń gbàdúrà, òrùlé ló ti lọ.

Ìjì kan jà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. O rántí ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí, tí o ní láti ọjọ́ náà lọ, kí a má bẹ̀rù ìjì mọ́. Mo ti fi gíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Nígbà tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lókè, ìyá rẹ ní kí n wá bá òun di ilẹ̀kùn mú, mo ní kó fara balẹ̀, ṣebí ọmọ wa ti ń sanwó láti ọdún mẹ́fà. Mo já ìwé náà lára ògiri, mo ṣí fèrèsé, mo nà án sí ìjì kó rí òǹtẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Bóyá ìjì yẹn ò kàwé ni o, èmi ò mọ̀. Páànù mẹ́jọ ló ká lórí yàrá ìyá rẹ, gíláàsì sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pe ilé iṣẹ́ yín lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó gbé e bi mí pé báwo ni ìjì náà ṣe sáré tó, mo ní èmi ò bá a sáré. Ó bi mí pé ṣé òrùlé ọ̀hún ti gbó tẹ́lẹ̀, mo ní ẹ gbọ́ ìbéèrè, èmi tí mo kàn án gan-an ti gbó, kí á tó bí ọ la ti kàn án. Ó bi mí pé kí ló bàjẹ́ nínú ilé, mo ní òjò ti wọlé ba bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni. Ó ní àwọn á rán ẹnì kan wá wo ilé.

Àlejò, láti ibi iṣẹ́ ọmọ mi, kó wá bá ihò lórí ilé wa? Ojú ò ní tì wá bí? Mo sáré pe káfíńtà, a yá páànù mẹ́jọ lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń kọ́lé lọ́wọ́, a fi ìṣó díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ gbálẹ̀, ó nu ògiri, ó gbé bẹ́ẹ̀dì tó ti rin gbingbin pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ya fọ́tò òrùlé láti ọ̀nà mẹ́rin, ó ní níbo ni ìjì ti ṣọṣẹ́. Mo ní kó má ṣèyọnu, kó jókòó, kó mu omi ná. Ó yin ilé wa púpọ̀, inú wa sì dùn. Bó ti lọ tán, aládùúgbò wá ká páànù rẹ̀.

Lẹ́tà yín dé lánàá. Ó ní fọ́tò fi hàn pé kò síhò lórí ilé. Ó ní bí ihò bá tilẹ̀ wà, èmi fúnra mi ti fẹnu ara mi sọ pé òrùlé ti gbó. Ó tún ní ká tiẹ̀ ní kò gbó, ìjì nìkan ni ìwé wa mọ̀, òjò ló ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, ọ̀rọ̀ òjò ò sì sí níbẹ̀. Kí n má parọ́, orí ẹni tó kọ ọ́ pé. Bó bá jẹ́ olè ni, ọwọ́ ò ní tẹ̀ ẹ́ láé.

Orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀, o sì fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ wo ibẹ̀ títí, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ mi nìyí."

Mo ní irọ́ ni. Ìwọ wo ni yóò kọ̀wé sí bàbá rẹ tí o ò ní kí i? Ẹni yìí ò béèrè bí mo ṣe jí. Kò béèrè ibi tí ìyá rẹ ń sùn, bẹ́ẹ̀ orí àga ilé ìdáná ló ń sùn jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Oníbàárà wa ọ̀wọ́n ló pè mí. Kí ni mo rà lọ́wọ́ rẹ rí? Ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tó ń fi orúkọ rẹ ṣe iṣẹ́ ibi. Wá a rí, bá a wí, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n lé e, òun náà lè ní ìyá nílé.

Jọ̀ọ́, fi owó páànù àti owó iṣẹ́ káfíńtà ránṣẹ́ kí òjò mìíràn tó rọ̀. Àpò ara rẹ ni kó ti wá o, má bá ọ́fíìsì sọ ọ́, kí wọ́n má lọ máa bi ọ́ pé báwo ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣe wú tó.

Ọlọ́run á bùkún ọ. Wàá bímọ, wàá kọ́lé, wàá dàgbà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ bá kọ̀wé sí ọ, wàá kà á, wàá sì mọ̀ pé ọmọ rẹ ló kọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.