Òróró Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó Sítíárìn

Èmi, Ezekiel Dúrótìmí Ọlátẹ̀jú, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ti ń gbé ní Thamesmead ní ìlú òyìnbó láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ni mo ń fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọpọlọ mi pé. Orúnkún mi ni kò pé mọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi orúnkún pín ogún. N kò lọ sí ilé ìwé. Keziah, tí ó máa ń wá tọ́jú mi láràárọ̀, ni ó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní jogún abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí náà kò nídìí tí yóò fi yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ìwé yìí pa gbogbo èyí tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, pàápàá jù lọ èyí tí mo fi ìbínú sọ.

1. Mo yan Ṣàmsúdéènì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ tún mọ́tò ṣe ní Plumstead fún ogún ọdún, pé kí ó jẹ́ alámòójútó ogún mi. Mùsùlùmí ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi yóò bínú. Kí wọ́n máa bínú lọ. Nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹnì kan tí mo lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi sí lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

2. Ilé tí mo ń gbé yìí, ti káńsù ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jà lé e lórí. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fún Ìléríolúwa, ọmọ mi obìnrin. Ó ti sọ fún mi rí pé ilé náà kò lẹ́wà, pé ó dà bí ilé ìwé. Ó dára. Kí ó jogún ilé ìwé, ó ṣe tán, òun ló kàwé.

3. Ológbò tí Bernice, ìyàwó mi, fi sílẹ̀ lọ ni mo fún Adrian, ọkọ Ìléríolúwa. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn: wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n fẹ́ràn àga, wọn kò sì fẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ wọn. Adrian ra jíìpù tuntun tí ó ga bí òkè àjà, ó ń fi í lọ ra búrẹ́dì ní Woolwich. Mo bi í bóyá jíìpù náà ti wọ ẹrẹ̀ rí. Ó ní, "Ah, Daddy, ẹrẹ̀ máa ń ba paint jẹ́ o." Ẹni tí ó ra màlúù tí kò fẹ́ kí ó fẹnu kan koríko, kí ni a ó pè é? Kí ó má fún ológbò náà ní ẹja inú agolo. Ẹja tí a sè ni Bernice máa ń fún un, yóò sì yọ eegun rẹ̀ kúrò.

4. Gbogbo irinṣẹ́ mi di ti Ṣàmsúdéènì, àfi ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin pọ̀ àti èyí tí mo fi ń gé e. Ìdí tí mo fi yọ méjèèjì sílẹ̀ ń bọ̀.

5. Ó wá kan jíìpù àtijọ́ aláwọ̀ ewé tí ó wà nínú gárééjì mi. Bernice ló ní kí n rà á. Ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò gba mọ́tò kékeré. Ó fẹ́ kí a fi ọkọ̀ òkun gbé jíìpù náà lọ sílé, kí ó fi wọ inú oko náà, kí àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé mẹkáníìkì tí kò mọ̀wé ló fẹ́ lè jókòó kí wọ́n wòran.

Nígbà tí a rà á, tí a gbé e wọ gárééjì mi níbí, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Irin tí àpótí sítíárìn jókòó lé lára ṣásí, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní ìjókòó sítíárìn, ti sán. Irin náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ló so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ táyà. Bí ó bá já, o lè yí sítíárìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ibi tó bá wu mọ́tò ni yóò gbé ọ lọ.

Asher, ọmọ mi ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ní Crossness níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí. Ó mọ irin jó. Òun ló gé ìjókòó àtijọ́ náà kúrò ní Sátidé kan ní ọdún 2016, tó fá ojú irin títí ó fi ń dán, tó fi tuntun síbẹ̀, tó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó ṣe fẹ́ ṣáná sí i ni Bernice ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú igo òróró àdúrà rẹ̀. Ó da òróró yí ìjókòó náà ká, ó ń gbàdúrà fún ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Òróró náà ṣàn wọ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé.

Asher wò mí. Ó ní, "Daddy, jẹ́ kí n clean ẹ̀ first. Weld ò ní mú." Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe bá mi sọ̀rọ̀, bí àwọn tí a bí síbí ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló sọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Asher, ṣé àdúrà mi lo fẹ́ fi àkísà nù?"

Kí gbogbo ẹni tí a ń ka ìwé yìí sí létí gbọ́ èyí dáadáa. Mo mọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bá irin ṣe. Mo mọ̀ pé irin olóróró kì í gba iná, pé yóò máa hó, ihò wẹ́wẹ́ yóò sì kún inú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n Bernice ń rẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín náà tán. Mo ní, "Má nù ún. Jó o bẹ́ẹ̀."

Ó jó o bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kejì, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Shooters Hill, ìjókòó náà já. Mo yí sítíárìn, táyà kò dáhùn. A lọ kọlu ògiri ẹni ẹlẹ́ni, apá Bernice sì ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, ó ń béèrè ohun tó fà á. Kí ni kí n sọ fún un? Pé àdúrà rẹ̀ ló dá a lápá? Mo ní Asher kò mọ irin jó. Asher dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó pa ẹnu mọ́. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe pa ẹnu mọ́, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bernice kò wọ jíìpù náà mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, àìsàn mìíràn mú un lọ. Kò dé Ẹ̀fọ̀n. Níbi ìsìnkú rẹ̀, níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún pe Asher ní ọmọ tí ó dá ìyá rẹ̀ lápá. Bernice ti wà nínú pósí. Kò sí ẹni tí mo ń dáàbò bò mọ́ bí kò ṣe ara mi. Ó di ọdún mẹ́fà tí Asher ti tẹ ẹnu ọ̀nà mi kẹ́yìn. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe ń fi ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀sín láti òkè wá. Kò sí ojo kankan nínú wọn tí ó tó mi.

Keziah, má dáwọ́ dúró. Ẹkún kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún.

6. Jíìpù náà àti ẹ̀rọ méjèèjì tí mo yọ sílẹ̀ ni mo fún Asher, láìsí àdéhùn kankan. Kí Adrian má bá a dá sí i.

7. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gé ìjókòó tí ó já náà kúrò, mo sì là á sí méjì. Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi nínú ìwé ìròyìn. Kí Ṣàmsúdéènì tó ka ìwé yìí sí ẹnikẹ́ni létí, kí ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbọ́ irọ́ mi níbi ìsìnkú. Kí ó gbé irin náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka kan àwọn ihò inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun kò ní àkókò, kí ó rántí pé ó ní àkókò láti jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú.

8. Ìjókòó tuntun tí mo rà wà nínú páálí lórí àga iwájú jíìpù náà. Igo òróró Bernice wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ku ìdajì. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ó ti lọ. Asher ni mo fún. Kí ó kọ́kọ́ nu irin náà títí àkísà kò fi ní dọ̀tí mọ́. Kí ó jó o. Kí ó jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá da òróró ìyá rẹ̀ lé e lórí, kí ó dà á tán. Bí ó bá fẹ́, kí ó gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bí kò bá fẹ́, kí ó tà á. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Keziah ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe sọ ọ́ nìyí. Mo tẹ ìka mi sí i níwájú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, ní Thamesmead, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ezekiel Dúrótìmí Ọlátẹ̀jú
(àtẹ̀ka àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún)

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Keziah Adélugbà, olùtọ́jú, tí ó kọ ìwé yìí
Ikram Sànúsí, aládùúgbò