Ẹ̀jẹ̀ Yín Ti Dé Lucan

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Bọ́lá àbígbẹ̀yìn mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí ẹ ò rán mi nílé ìwé. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má fi nǹkan kan kún un. Ó ti lóyún oṣù mẹ́rin.

Ìyàwó mi ti wá bá yín lọ́run. Mi ò sunkún mọ́. Ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́ àkọ́bí mi ni mò ń gbé ní Lucan, nílẹ̀ Ireland, láàárín ilé tuntun tí èèyàn ò tíì kó sí.

Ọmọ Àdùkẹ́ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi sì ń yìn ín: “Ọmọ dáadáa! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ranjú mọ́ àgbà, ìwọ lo lẹ́kọ̀ọ́ ilé.” Ọdún mẹ́fà ni mo fi yìn ín. Àṣé àìsàn ni.

Lọ́jọ́ kan mo bá a tó kọjú sógiri, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì, tó ń sọ pé, “It's grand, it's grand, it's grand.” Orí mi wú. Bọ̀dá Àlàó, àbúrò yín, ni mo rí. Ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó máa ń sọ fún ògiri ẹ̀yìnkùlé yín pé, “Ó dáa, ó dáa, ó dáa.” Ta ló kọ́ ọmọ yìí? A ò ya fọ́tò Bọ̀dá Àlàó rí.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń tún ara rẹ̀ sọ. Ó ń gùn sí i láti ìran dé ìran, títí yóò fi pa iṣẹ́ kan tó yẹ kí ara ṣe fún ọpọlọ. Ó bi mí bóyá ẹnìkan rí bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo ní rárá. Ẹ̀yin lẹ ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ Bọ̀dá Àlàó.

Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n báyìí bíi tiyín; dókítà ní àmì rẹ̀ nìyẹn, pé ó wà lára èmi náà. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ìdí tí ẹ fi ń ṣọ́ ọwọ́ mi nídìí oúnjẹ nìyẹn?

Ọkùnrin tó bá ní i, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbà á. Mo bẹ Àdùkẹ́ pé kó jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún Bọ́lá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin ni mo fi bojú.

Bọ́lá, má dúró. Kọ ọ́. Ó wà lára ìwọ náà. Ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ, ó sì lè fò ó. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Má wò mí, kọ ọ́.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó ti dárúkọ Àlàó.