Mo Tún Ọkọ̀ Ṣe, Mo Ba Orúkọ Ọmọlọ́mọ Jẹ́

Wọ́n lé ọmọkùnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pé ó ń jí epo. Kò jí epo. Èmi ni mo mọ̀, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Mọkálíìkì ni mí níbí ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Mi ò kàwé ní kékeré, òun ló tì mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí orí mi ti ń hu ewú, òun ni mo fi lè kọ èyí fúnra mi. Mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu púpọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kì í parọ́. Ẹ máa rí i.

Alhaja kan wà ládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Ọjà'ba. Nígbà tí ìyàwó mi kú, òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún èmi àti Kúdí ọmọ mi títí ojú fi wálẹ̀. Lọ́jọ́ yìgì ọmọ mi, òun ló jókòó sí ipò ìyá. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Dírẹ́bà rẹ̀... ẹ jẹ́ kí n pè é ní Wàsíù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà, omi rẹ̀ hó, wọ́n wọ́ ọ wá. Mo dí ibi tí omi ti ń jò, mo sì yọ tẹmositáàtì. Irin kékeré kan ni, òun ló máa ń ti ọ̀nà omi pa títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, kó tó ṣí i. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é. Ó ní ilẹ̀ wa gbóná, òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe irin yẹn fún, kí n máa yọ ọ́ dànù. Gbogbo wa la ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Iye ọkọ̀ tí mo ti yọ tiwọn... mi ò fẹ́ rò ó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé epo kì í pẹ́ nínú ọkọ̀ mọ́. Wàsíù náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ò mọ ohun tó fà á, kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á wá, Alhaja jókòó sẹ́yìn. Alhaja ní, "Bàbá Kúdí, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń mu epo mi ni, àbí èèyàn?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí Wàsíù sítáàtì rẹ̀. Mo tẹ́tí sí i. Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí dára." Ó tán. Mi ò tú púlọ́ọ̀gì kankan. Mi ò tiẹ̀ lọ sẹ́yìn lọ wo èéfín rẹ̀. Ṣebí èmi ni mo ṣe ọkọ̀ náà, kí ló tún lè ṣe é? Ìgbéraga ni. Àbí kí ni ká pè é?

Ọ̀rọ̀ ṣókí yẹn ni Alhaja fi lé ọmọ náà, níwájú gbogbo agbo ilé. Wàsíù ní òun á fi Kùránì búra. Alhaja ní, "Olè wo lo rí rí tí ò lè búra?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò.

Kí dírẹ́bà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alhaja ní kí n bá òun ṣe sáfíìsì ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo tú púlọ́ọ̀gì, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú gbígbẹ tó ń yí mọ́ni lọ́wọ́. Nídìí sàlẹ́ńsà, òórùn epo tí kò jóná tán ń ta mí lójú. Epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Mo wo fílítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó mọ́. Mo wo ẹnu tó ń fọ́n epo, kò jò. Mo bá pe rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì yìí o! Nínú oòrùn Ìbàdàn! Ta ló yọ tẹmositáàtì ẹ̀?" Ó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì ò ráyè gbóná tó, ọpọlọ ọkọ̀ wá ń rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, ó sì ń da epo sí i ṣáá láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fọwọ́ kan páìpù omi. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, páìpù náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni.

Mo lọ ra tẹmositáàtì, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo nu púlọ́ọ̀gì, mo gbé ọkọ̀ fún Alhaja. Mo ní mo ti ṣe sáfíìsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀... Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti pa ọmọ náà? Dírẹ́bà tuntun wọlé, epo ń pẹ́ nínú ọkọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí Alhaja rò? Tayọ̀tayọ̀ ló fi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Olè lọ, epo dúró!" Ó ti sọ ọ́ lọ́jà, ó ti sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù. Àwọn tó ń bá Wàsíù kẹ́dùn tẹ́lẹ̀ panu mọ́. Alhaja gbàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run á máa bá wa tú àṣírí olè.

Mo ní àmín.

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní àmín.

Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ fún Wàsíù. Ọ̀kadà ẹlòmíì ló ń gùn báyìí. Ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ọ̀rányàn, wọ́n ti fẹ́ dájọ́ yìgì kí ọ̀rọ̀ epo tó dé etí bàbá ìyàwó. Bàbá náà ní òun ò lè fa ọmọ òun fún olè. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà pé òun á fúnra òun ṣe ìwádìí, lọ́jọ́ Àìkú. Lánàá ni Wàsíù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò pè mí lólè. Mo ti ní kí wọ́n wá bá yín." Ó ní òun ò bẹ̀ mí pé kí n parọ́ fún òun, kí n ṣáà sọ ohun tí mo bá mọ̀. Ohun tí mo bá mọ̀... Mo ní kó dìde. Ó tún dúró bá mi ti ọkọ̀ kan wọlé kó tó lọ.

Mo lè sọ fún bàbá ìyàwó pé ọmọ dáadáa ni, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n á bi mí pé ta ló wá mu epo. Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, ẹnu ará Ọ̀rányàn ni Alhaja ti máa gbọ́ ọ, lẹ́yìn gbogbo oore tó ṣe fún mi. Tí mo bá sì kọ́kọ́ lọ bá Alhaja, ṣé á gbà láti padà síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ pé òun parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àbí á bẹ̀ mí pé kí n rọra gbé e mì? Tó bá bẹ̀ mí, mi ò mọ̀ bóyá mo lè kọ̀ fún un. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, ó ju pé àwọn oníbàárà mi á sá lọ.

Ká ní ìyàwó mi wà ni, kò ní béèrè. Ó máa ń wo bí mo ṣe ń fọwọ́ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Tí mo bá ti fọ̀ ọ́ pẹ́ jù, ó ti mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Alhaja ni, àbí bàbá ìyàwó, àbí Wàsíù fúnra rẹ̀, tó ṣì ń kí mi tó bá ń kọjá? Níwájú agbo ilé ni wọ́n ti pè é lólè, ṣé níwájú agbo ilé náà ni kí n ti sọ ọ́? Àti àdúrà tí mo ṣe àmín sí yẹn... ṣé kí n tú àṣírí náà fúnra mi ni, àbí kí n jókòó síbí kí n máa dúró de ìgbà tí àdúrà náà máa gbà?