Ilé Pupa Inú Fọ́tò

Bọ̀dá Japheth,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Kudeti? Ara tèmi le koko bí ọta.

Mo gbọ́ pé ẹ ń gbé fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ kiri Ọjà'ba, pé àbúrò yín ti kọ́ ilé pupa ràgàjì sí Amẹ́ríkà, pé kí Màmá kó wá bá mi, kí ẹ lè wó àtíbàbà tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró, kí ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ta ló rán yín níṣẹ́?

Ilé tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí nìyẹn o! Àwọn àgbẹ̀ ibí máa ń kun bátànì aṣọ ìbora tí ìyá wọn fi àjákù aṣọ rán sára irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi, àgbẹ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́, gbà kí n kun ti ìyá tèmi náà. Bátànì Ìbàdàndùn tí Màmá máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára àdìrẹ ni mo kùn, tòun ti òpó Mápó. Ẹ ò dá a mọ̀. Ilé nìkan lojú yín rí.

Tí ẹ bá fọwọ́ kan àtíbàbà yẹn, ẹ má pè mí ní àbúrò yín mọ́.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá bèèrè ibi tí mò ń sùn, ẹ ní òtútù ò mú mi rárá. Koríko máa ń móoru.

Evelyn