Àtìlẹ́yìn Tí Mo Ṣe fún Ilé Àwọn Arúgbó

Àkọ́bí mi,

Àtìlẹ́yìn ni igi tàbí òpó tí a fi ń ti ohun tó fẹ́ wó láti ẹ̀yìn, kó má baà wó. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi í ṣáájú ìkíni nítorí pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti wà láàárín àwọn èèyàn tó ń pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mú pákó dání. Ó yá, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín tó ga bí ilé ẹyẹ yẹn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìmọ̀ràn tí ẹ ń gba àwọn oníṣẹ́ kékeré níbi iṣẹ́ yín ni pé kí wọ́n máa ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò wọn, pé ó ń mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn ilé iṣẹ́ ẹni, o sì ní kí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tèmi náà má ṣe gbẹ́yìn. Inú mi dùn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ yìí kò gbàgbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ilé àwọn arúgbó tó wà ní ìparí òpópónà wa, èyí tí ẹgbẹ́ aláàánú ń bójú tó, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà, nítorí pé ẹ̀yìn náà ni a ti ń ṣe àtìlẹ́yìn.

Ó dára tí mo gba ibẹ̀. Iwájú ilé náà funfun báláú, pátákó orúkọ rẹ̀ ń dán, òdòdó wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, ògiri yàrá tí àwọn bàbá mẹ́sàn-án ń sùn sí ti yọ ikùn síta bí aboyún oṣù mẹ́sàn-án. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo ta á sílẹ̀ láti orí ògiri, àlàfo tó wà láàárín okùn àti ìpìlẹ̀ sì gba àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ògiri tó bá ti rí báyìí kò ní dúró de òjò kẹta, òjò sì ti ń ṣú. Mẹ́rin nínú àwọn bàbá náà kò lè dìde àfi tí èèyàn bá fà wọ́n. Alásè ibẹ̀ sọ fún mi pé láti ọdún tó kọjá lòun ti ń sọ fún Akọ̀wé ẹgbẹ́, tó sì ń dá òun lóhùn pé àwọn àlejò kì í dé ẹ̀yìn.

Mo lọ bá Akọ̀wé nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní àtìlẹ́yìn ni mo wá ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fà mí mọ́ra, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin. Wọ́n béèrè irú àtìlẹ́yìn tí mo fẹ́ ṣe, mo kọ ọ́ pé igi mẹ́ta àti pákó mẹ́fà. Wọ́n béèrè ìdá mélòó ni mo máa fi sílẹ̀ nínú èrè mi, mo kọ ọ́ pé ògiri ni mo wá tì, èrè mi kò tíì fẹ́ wó. Wọ́n ní kí n fi lógò ilé iṣẹ́ mi sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú díẹ̀, mo kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ mi kò lógo kankan, Ọlọ́run nìkan ló lógo, kí wọ́n má ṣe dán mi wò. Akọ̀wé kà á, ó bojú wò mí, ó ní òun á fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn lórí fóònù.

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ orí fóònù náà pé mo nílò ọwọ́ tó máa bá mi di igi mú láàárọ̀ Sátidé. Kò tó wákàtí kan tí ogójì ọwọ́ fi dé, àwọn kan pa pọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà, àwọn kan na àtàǹpàkò sókè. Ìyá rẹ ṣírò rẹ̀ pé ogójì ọwọ́ jẹ́ ogún èèyàn, ó sì po tíì fún ogún èèyàn. Nígbà tí Sátidé dé, kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀ tó ní ara. Alásè ló bá mi di igi mú, ó ń bú wọn bó ṣe ń dì í mú, a sì mu tíì títí inú fi ń dùn wá.

Bí a ṣe ṣe é nìyí, kí o lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì yín. A kọ́kọ́ fi pákó fífẹ̀ lé ara ògiri, torí bí orí igi nìkan bá kan ògiri, ṣe ló máa lù ú wọlé. A tẹ́ pákó míì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ igi, kó má baà rì nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. A gbé igi náà ní ìdagẹ̀rẹ̀ ti pákó ara ògiri, a wá fi ègé igi tó ṣe ṣóńṣó há ẹsẹ̀ rẹ̀, a ń fi òòlù kàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ògiri tó ti rẹ̀ kò fẹ́ agbára. Mẹ́ta la ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, Akọ̀wé wá. Ó ní kí n kó igi mi kúrò kó tó di Ọjọ́bọ̀, pé oníṣòwò kan ń bọ̀ wá ṣe àtìlẹ́yìn ńlá, àwọn igi wọ̀nyí á sì ba àwòrán jẹ́. Mo ní kò burú, àmọ́ nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ní kí a yọ igi ló máa ń jókòó sábẹ́ ògiri nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Irọ́ ni, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, má sọ fún un. Kí n tó pa ẹnu dé, alásè ti gbé àga dé. Akọ̀wé wo àga, ó wo ògiri, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìpàdé kan.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, oníṣòwò náà dé. Onífóòmù tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní oríta ni, ẹni tó kó fóòmù jọ kan àjà. Ó kó ayàwòrán mẹ́ta wá, wọ́n sì gbé páálí kan tó tó ilẹ̀kùn, iye owó wà lára rẹ̀, wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń gbowó ní báńkì ni. Mo ti ṣe ilẹ̀kùn fún báńkì yẹn rí, mo mọ ìbú rẹ̀. Mo sọ fún Akọ̀wé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé páálí yìí kò ní gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n mo lè fi ayùn gé e sí mẹ́rin fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Oòrùn mú níwájú, àwọn ayàwòrán bá ní kí wọ́n wá sí ẹ̀yìn níbi tí òjìji wà. Onífóòmù rẹ́rìn-ín, ó sì fèjìká ti igi mi ti àárín. Mo kí i, mo ní sà, ẹ dákun, igi yẹn ló gbé ògiri dúró. Ó fò sẹ́yìn, páálí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá Tísà, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn bàbá náà, yọjú lójú fèrèsé, ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni ó ń ta fóòmù. Onífóòmù ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bàbá Tísà ní kó wá wo ohun tí àwọn ń sùn lé, tó ti di pẹlẹbẹ bí aṣọ, kó wá sọ fún àwọn èwo ni kí àwọn fi páálí ṣe, ṣé kí àwọn tẹ́ ẹ ni àbí kí àwọn dà á bora. Alásè nìkan ló rẹ́rìn-ín. Onífóòmù yọjú wo inú yàrá náà, ó sì ka ibùsùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóòmù mẹ́sàn-án dé, kò sí ayàwòrán kankan lẹ́yìn wọn. Mi ò tíì yìn ín o, ohun tó ń dí i lọ́nà ní ṣọ́ọ̀bù náà ló kó wá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá odò kó igba wá, bíríkìlà fi ọjọ́ méjì sílẹ̀, a ó sì wó ògiri náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí a tún un mọ. Ọ́fíìsì Akọ̀wé ni àwọn bàbá náà á máa sùn sí títí a ó fi parí. Akọ̀wé ti gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Sìmẹ́ńtì ló kù, kò sì sí ẹni tó ń tà á ládùúgbò wa tí a lè bẹ̀, ọjà la ó ti fi owó rà á. Jọ̀ọ́, wá owó àpò mẹ́fà ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún oògùn orúnkún ìyá rẹ. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù o, fóònù mi ti kún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kò sí àyè nínú òun mọ́. Fi rán awakọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọlọ́run á bùkún ọ, ọmọ mi. O kò ní di ẹni tí wọ́n ń wá àánú fún, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ. Kí o tó tún kọ ìmọ̀ràn kankan fún oníṣẹ́ kékeré, rìn lọ sí ilé aláàánú tó sún mọ́ ọ jù, bi ẹni tó ń fọ aṣọ níbẹ̀ léèrè ohun kan ṣoṣo tó bàjẹ́ jù, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì mú ìwé náà lọ bá ẹni tó ń fi títún irú rẹ̀ ṣe jẹun.