Èèkàn Tí Wọ́n Bá Mi Tún Rì

Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀ àti Àyíká,
Àárín Gbùngbùn Jáfà.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi Wiryo,

Ẹ kú ojú omi, ẹ kú atẹ́gùn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lálàáfíà nínú ọkọ̀ ìpẹja yín. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ka wa kéré: olùkọ́ mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, yàrá kan tó ń jò. Síbẹ̀, Ìyá Nastiti, olùkọ́ mi, gbà kí n fi òkè ẹ̀yìn ilé wa ṣe ìwádìí. Ilẹ̀ ti là lókè ibẹ̀. Mo ri ogún èèkàn oparun sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó là, mo sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, tí wọ́n ń sún sísàlẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe é. Òkè náà ń rìn, ẹ̀gbọ́n. Ilé wa ló ń bọ̀ wá bá.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní tí mo bá lè mú ìwọ̀n oṣù mẹ́fà gbáko wá, àwọn á kó gbogbo ilé méjìlá tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Ó ku oṣù kan péré.

Háà! Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ àdúgbò, Bàbá ló sì ṣáájú. Wọ́n gé koríko, wọ́n fi erùpẹ̀ dí ibi tó là, wọ́n wá fa àwọn èèkàn mi tu, wọ́n tún wọn rì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè dúró ṣánṣán. Bàbá pè mí tayọ̀tayọ̀: "Rukmini, igi rẹ ti wọ́ tán, a ti bá ọ tún wọn ṣe! O ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?" Kí ni n bá sọ? Mo dúpẹ́. Mo wá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Ìyá Nastiti ní àfi ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ìwọ̀n tó já lójú ọ̀nà kì í ṣe ìwọ̀n. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n dákun kó jáde fúnra wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín: "Ilẹ̀ tí a ti dí náà ló tún máa là? Ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ yìí. Wálé wá jẹ témpè."

Ẹ̀yin nìkan ni Bàbá máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ọkọ̀ tó ń gbé omi mímu wá fún yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, á sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti débi tí fóònù ti ń lọ, Bàbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Bó bá gba irọ́, ẹ pa á. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti àná, apá mi ò ká a mọ́.

Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Òkun ò ní bínú sí yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
Rukmini.

Mo gbàgbé, rárá, mi ò gbàgbé: mo ti lẹ àpòòwé pa kí Surti ìyàwó yín tó pè, ni mo bá tún un tú. Ó ní òrùlé yín ń jò, òun ti gbé ọmọ lọ sílé Bàbá láàárọ̀ yìí. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún wọn, èyí tó fara ti òkè. Mo ní kó sáré jáde. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé Bàbá ti sọ fún òun pé èmi gan-an ni mo tún òkè náà ṣe.