Àáró Oṣù Mẹ́ta

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi tí kì í gbọ́ràn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹsẹ̀ tó o ní ó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Kò sí nǹkan kan tó ṣe àwa nílé, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí mo bá fẹ́ dìde, àti ìyá rẹ tó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò bá ọ bínú mọ́, ṣùgbọ́n ó ń bínú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ burúkú nípa ara wa. Àmín.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí fọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ tó o ní kí n fọwọ́ sí kí oṣù yìí tó parí. O ní o fẹ́ lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́ta, kó o lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ńlá kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé awò ojú mi ló ń tàn mí, mo ní kí ìyá rẹ bá mi tún ibẹ̀ kà. O tún ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò irú iṣẹ́ yìí ló ní kó o kọ́kọ́ san owó gọbọi kó o tó lè wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Háà! Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà, mi ò rí i rí kí lébìrà wá fún mi lówó kí n tó jẹ́ kó ru yẹ̀pẹ̀. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, mi ò bá ti dolówó. O wá ní oṣù márùn-ún lo fi wá a kó o tó rí ilé kan yìí tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn: ibùsùn ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ wákàtí márùn-ún lóòjọ́, owó ọkọ̀ òfurufú nìkan ni tìrẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi. Mo ní kí ìyá rẹ nu ojú rẹ̀, pé àáró ni.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ọ̀hún mọ àáró. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ́lé nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́, àwa bíríkìlà méje. Lọ́sẹ̀ yìí a lọ kọ́ tèmi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a lọ kọ́ ti ẹlòmíì, ẹni tá a bá ń bá ṣiṣẹ́ ló máa bọ́ wa, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ owó. Ilé tá a bí ọ sí yìí, àáró ló gbé e dúró. Nítorí náà, tó o bá bá wọn ṣe oṣù mẹ́ta, àwọn náà á wá bá wa ṣe oṣù mẹ́ta. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin onífọ́tòkọ́pì, torí èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n béèrè pé kí ni ara rẹ kì í gbà, mo ní kó kọ ọ́ pé ìbáwí. Wọ́n béèrè pé ta ni kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, mo ní kó kọ nọ́ńbà obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa, torí tó bá ti gbọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ní kí òbí fọwọ́ sí, mo fi í sílẹ̀ ná. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà sí wọn, pé mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá san àáró, èèyàn mélòó ló ń bọ̀, ṣé wọ́n sì mọ bí a ṣe ń rẹ́ ògiri, torí ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ò tíì fojú kan sìmẹ́ńtì. Mo ní kí wọ́n mú irinṣẹ́ wọn dání, mi ò lè máa yá ṣọ́bìrì kiri. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ò rò pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo bi í pé ṣé òun ni bíríkìlà ni. Kí n tó délé, ìyá rẹ ti ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́rin sílẹ̀ fún àwọn àlejò.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Níbi tó o wà báyìí, tí ara rẹ ò bá yá, mo lè wọkọ̀ láàárọ̀ kí n sì dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀hún ńkọ́? Ta ló máa wo ojú rẹ tó máa mọ̀ pé o ti sunkún? Mo rò ó pé tí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ tiwọn náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n á tọ́jú tèmi. Ìdí tí mo fi takú nìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé. Obìnrin onífọ́tòkọ́pì ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ilé àwọn arúgbó náà kí mi dáadáa, ó ní àwọn ò ní ẹni tí àwọn lè rán wá. Ni mo bá dìde, mo ń wá fìlà mi. Obìnrin náà ní kí n jókòó, pé ó kù. Ọ̀gá náà ní òun ka lẹ́tà mi sétí àwọn arúgbó níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ni bàbá kan tó ti ṣe bíríkìlà rí bá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá náà fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, mi ò ní máa pè é ní wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn náà ṣe kọ́lé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, òun ò lè rẹ́ ògiri ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta tó o máa lò, òun ni bàbá rẹ níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu á kọ́kọ́ fojú rí ọ̀pá tí òun fi ń rìn. Ó ní àáró tí agbára òun ká nìyẹn, ṣé mo gbà?

Mo gbà. Orí ìjókòó ibẹ̀ náà ni mo ti fọwọ́ sí i. Obìnrin onífọ́tòkọ́pì ní omi ń bọ́ lójú mi, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń rùn. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpòòwé yìí, má pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin yìí kì í kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọkùnrin náà sọ sì pọ̀. Ìyá rẹ ní kí owó súwẹ́tà wà nínú rẹ̀, ìwọ ló máa wọ̀ ọ́, òun ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rà á. Bíríkìlà náà ní òun ló kọ́ ògiri ọgbà ilé tó o ń lọ yẹn, pé kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò. Tó o bá débẹ̀, bá mi wò ó dáadáa. Tó bá wọ́, má sọ fún un o, èmi ni kó o sọ fún.

Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ ò ní yọ̀ ọ́. Àwọn arúgbó tó o máa fọwọ́ mú yẹn, wọ́n á súre fún ọ, á sì mọ́ ọ lórí. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. A ò ní retí rẹ tì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.